Betamax, VHS àti Àpótí Ìrántí Wa: Ìtàn Bí A Ṣe Yan Ọ̀nà Ìgbàsílẹ̀ Ètò Amóhùnmáwòrán Nínú Ilé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí ẹ̀rọ tí ń gba ètò amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó sì di ohun èlò inú ilé. A wo ìdíje tí ó wáyé láàrin Betamax àti VHS láti ọdún 1975, ẹjọ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di ọdún 1984, àti ọ̀nà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbà yí eré oníṣe Yorùbá padà. Èrò wa ni pé kì í ṣe dídára àwòrán ni ó pinnu ohun tí àwọn ènìyàn yàn, bí kò ṣe iye wákàtí tí kásẹ́ẹ̀tì lè gbà, iye owó rẹ̀, àti irú ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé aládùúgbò. A sì fi hàn pé nígbà tí síìdì rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì, onílé pàdánù agbára láti gba ètò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àdánù yìí kan ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ àti àṣà Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìparí, iṣẹ́ náà dá àbá lórí ipa tí olùkọ́ lè kó nínú ìdáàbòbò kásẹ́ẹ̀tì tí ó ṣẹ́kù.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ eré Yorùbá orí amóhùnmáwòrán mu ju bí a ti lè rò lọ. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ ìdarí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ WNTV ní Ìbàdàn. Òun ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láti orí rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá eléré bíi Móṣè Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, Dúró Ládiípọ̀ àti Ọyìn Adéjọbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú iyàrá àwọn ènìyàn tí kò tilẹ̀ ráyè lọ wo eré ní gbọ̀ngàn.

Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni bá fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lórí bí àwọn eré wọ̀nyí ṣe rí lójú amóhùnmáwòrán ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980, kí ni yóò rí? Yóò rí ìwé eré díẹ̀. Yóò rí àwòrán inú ìwé ìròyìn. Yóò rí àgbàlagbà tí yóò sọ fún un pé, 'A wò ó nígbà náà, ẹ̀rín pa wá.' Eré náà gan-an, pẹ̀lú ìró ohùn, ìfarasọ̀rọ̀ àti aṣọ tí òṣèré wọ̀, ni ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Àrọ́bá ni ó kù.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ta ni ó ní agbára láti gba ètò sílẹ̀, láti ìgbà wo, irú ẹ̀rọ wo ni ó sì fi gbà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fídíò sí ọ̀rọ̀ fàájì lásán. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìwé àkọsílẹ̀ ṣe jẹ́ fún òpìtàn ni kásẹ́ẹ̀tì ṣe jẹ́ fún onímọ̀ eré oníṣe. Ẹni tí ó yan ohun tí a ó fi gba nǹkan sílẹ̀ ti yan ohun tí yóò kù di ọ̀la.

Ìgbà Tí Eré Ń Lọ Bí Afẹ́fẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí òṣèré bá ti ń ṣe eré níwájú kámẹ́rà ni òǹwòran ń wò ó nílé. Bí eré bá parí, ó parí náà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ tọ́jú ètò ní láti fi kámẹ́rà sinimá ya ojú amóhùnmáwòrán, èyí sì ń náni lówó, àwòrán rẹ̀ kì í sì í mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní oṣù kẹrin, ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ fídíò àkọ́kọ́ tí ó wúlò fún ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán han ayé ní ìlú Chicago. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún náà ni ilé iṣẹ́ CBS kọ́kọ́ fi í gbé ètò ìròyìn sáfẹ́fẹ́. Téèpù rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 2, ẹ̀rọ náà tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 50,000 dọ́là. Kò sí onílé kan tí yóò ronú pé òun lè ra irú rẹ̀.

Ọ̀wọ́n téèpù yìí ni ó bí ìwà kan tí ó ṣe ìtàn ní jàǹbá káàkiri ayé. Nítorí pé téèpù ṣe é pa rẹ́ kí a tún lò ó, àwọn ilé iṣẹ́ ń pa ètò àná rẹ́ kí wọ́n lè rí téèpù fún ètò òní. Ilé iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kì í ṣe aláìní, pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò tí ó ṣe láàrin ọdún 1960 sí 1979 rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpín nínú eré Doctor Who wà lára wọn. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ohùn gbogbo ìpín tí ó sọnù wọ̀nyẹn ṣì wà, nítorí pé àwọn òǹwòran gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú amóhùnmáwòrán nínú ilé wọn. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá sọ nù, àwọn ará ilé ni ó bá a tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá rí báyìí fún BBC, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ìwọ̀nba eré Yorùbá ìgbà náà ni ó kù sí wa lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ Náà Wọ Inú Ilé

Kí ẹ̀rọ fídíò tó lè wọ ilé, ó ní láti kéré, kí owó rẹ̀ wálẹ̀, kí ọmọdé pàápàá sì lè fi téèpù sí i. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìsọfúnni inú àwòrán pọ̀ ju ti ohùn lọ fíìfíì. Bí a bá fẹ́ fi orí ẹ̀rọ tí ó dúró lójú kan gba àwòrán, téèpù ní láti máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ta ni pé kí orí tí ń kọ àwòrán sórí téèpù máa yí bírí bírí lára ìlù kékeré kan, kí téèpù sì máa rọra gba ẹ̀gbẹ́ ìlù náà kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlà tí orí náà ń kọ yóò dagun lórí téèpù, ìlà púpọ̀ yóò sì gba àyè kékeré. Lórí ọgbọ́n yìí ni Betamax àti VHS jọ dúró.

Ní ọdún 1971 ni Sony gbé U-matic jáde, èyí tí téèpù rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì dípò kí ó wà lára róòlù. Wọ́n fi ilé sọ́kàn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ó sì wúwo, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ni ó gbà á. Ní ọdún 1972 ni Philips gbé tirẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbà á já kò tíì dé.

Betamax àti VHS: Kí Ni Àwọn Ènìyàn Yàn?

Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1975 ni Sony kó Betamax jáde fún títà ní Japan. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, téèpù inú rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì, àwòrán rẹ̀ sì dára. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún náà, inú àpótí kan náà pẹ̀lú amóhùnmáwòrán ni wọ́n fi í sí, owó rẹ̀ sì ju 2,000 dọ́là lọ. Àléébù ńlá kan ni ó ní: wákàtí kan péré ni kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gbà.

Ṣáájú kí ó tó jáde, ní ọdún 1974, Sony ti fi iṣẹ́ rẹ̀ han JVC àti Matsushita, ó ní kí gbogbo wọn jọ gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n kọ̀. JVC ti ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1976 ni ó fi VHS hàn ní gbangba. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tóbi ju ti Betamax lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 2 ni ó gbà. Àwọn tí ó ṣe é ti bi ara wọn pé kí ni onílé ń fẹ́ gan-an. Ìdáhùn wọn ni pé onílé fẹ́ gba sinimá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì dìde pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì.

Ohun kejì tí JVC ṣe ni pé kò dá ọgbọ́n rẹ̀ ní. Ó gba Matsushita, Hitachi, Sharp, Mitsubishi àti àwọn mìíràn láyè láti máa ṣe ẹ̀rọ VHS. Betamax náà rí alábàáṣe bíi Toshiba àti Sanyo, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó ti òdìkejì. Nígbà tí RCA tí ó ń tajà ní Amẹ́ríkà fẹ́ yan ọ̀kan ní ọdún 1977, ó béèrè fún ẹ̀rọ tí yóò lè gba ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tán, èyí tí ó máa ń ju wákàtí 2 lọ. Matsushita ṣe VHS tí ó lè gba wákàtí 4. RCA sì tà á ní nǹkan bí 1,000 dọ́là, iye tí ó rẹlẹ̀ sí ti Betamax.

Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, pé Betamax dára jù, pé òmùgọ̀ ayé ni ó jẹ́ kí VHS borí. Ìtàn yìí kò tọ̀nà tó. Lóòótọ́, àwòrán Betamax mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti VHS lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sony dín eré téèpù kù kí òun náà lè gba wákàtí 2, ìwọ̀nba ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹni tí ó bá jókòó ní iyàrá rẹ̀ níwájú amóhùnmáwòrán lásán kò lè fi ojú yà wọ́n. Wákàtí àti owó kò ṣe é fi pamọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kẹta ni ó wá dé e ládé. Bí ẹnì kan bá ní VHS, ó lè yá kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó ní VHS. Kásẹ́ẹ̀tì VHS kò lè wọ inú Betamax. Nítorí náà, bí oníVHS ṣe ń pọ̀ sí i ní àdúgbò ni ẹni tí kò tíì ní ẹ̀rọ ń rí ìdí láti ra VHS, tí oníṣọ́ọ̀bù sì ń rí ìdí láti kó VHS jọ fún yíyá. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí ọ̀rọ̀ ọjà: ibi tí èrò bá wà ni èrò ń wọ́ sí. Ní ọdún 1988, Sony fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe VHS. Ó dá ṣíṣe ẹ̀rọ Betamax dúró ní ọdún 2002, ó sì dá ṣíṣe kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró ní ọdún 2016. Ní ọdún 2016 yìí kan náà ni Funai tí ó ń ṣe ẹ̀rọ VHS gbẹ̀yìn kógbá wọlé.

Ẹjọ́ Tí Ó Dá Onílé Láre

Bí ẹ̀rọ bá lè gba ètò sílẹ̀, ṣé onílé ní ẹ̀tọ́ láti gbà á? Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1976 ni ilé iṣẹ́ sinimá Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́ ní Los Angeles. Wọ́n ní Betamax ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti jí iṣẹ́ àwọn. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá Sony láre ní ọdún 1979. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní ọdún 1981. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1984, adájọ́ 5 fara mọ́ Sony, 4 kò fara mọ́ ọn.

Kókó ìdájọ́ náà ni pé ẹni tí ó gba ètò sílẹ̀ nítorí kí ó lè wò ó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ kò ṣẹ̀ sí òfin, àti pé ẹni tí ó ta ohun èlò tí ó ní ìlò tí ó tọ́ kò jẹ̀bi nítorí pé ẹlòmíràn lè fi í ṣe ibi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí tí ó ran Sony lọ́wọ́ ni Fred Rogers, ẹni tí ó ń ṣe ètò fún àwọn ọmọdé. Ó ní kò bí òun nínú bí àwọn ìdílé bá gba ètò òun sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ wò ó ní àsìkò tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní ìlú wa níbí, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 1988 fi àyè sílẹ̀ fún ìlò abẹ́lé àti ìlò fún ìwádìí níwọ̀n tí ó bá tọ́, òfin tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọdún 2023 sì tún fi àyè náà sílẹ̀. Àdàkọ fún títà ni òfin méjèèjì kọ̀.

Bí Ẹ̀rọ Fídíò Ṣe Dé Ilẹ̀ Yorùbá

Owó epo rọ̀bì ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀rọ fídíò ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn owó àfikún Údójì tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1975, amóhùnmáwòrán pọ̀ nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, ẹ̀rọ fídíò ti di àmì ọlá ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Àwọn tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bọ̀ ń gbé e bọ̀ wálé.

Níbí, yíyan ẹ̀rọ ní ìṣòro tí ará Japan tàbí ará Amẹ́ríkà kò mọ̀. Èkíní, iná. Iná 110 ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lò, iná tiwa sì jẹ́ 220, nítorí náà ẹni tí kò bá ra ẹ̀rọ adíná-kù yóò jó o. Èkejì, ọ̀nà tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ yàtọ̀. PAL ni Nàìjíríà ń lò gẹ́gẹ́ bí ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NTSC ni ti Amẹ́ríkà. Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tí ọmọ ẹni fi ránṣẹ́ láti Houston lè má ní àwọ̀ rárá, tàbí kí àwòrán rẹ̀ máa yí gbiri, bí a bá fi í sínú ẹ̀rọ tí a rà ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ó mọ ọ̀nà gbogbo níyì. Ẹ̀kẹta, iná ọba kì í dúró. Ẹni tí ó ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó gba eré aago mẹ́jọ lè dé bá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nítorí pé iná lọ ní aago méje ààbọ̀. Nítorí náà, ìgbàsílẹ̀ fún wíwò lọ́jọ́ mìíràn, èyí tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà dá láre, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni yíyá kásẹ́ẹ̀tì àti ríra rẹ̀, pẹ̀lú gbígba ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀.

Níbi yíyá àti ríra yìí ni ewu wà fún eléré. Móṣè Ọláìyá ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982 pẹ̀lú olùdarí Ọlá Balógun. Owó ńlá ni ó fi ṣe é. Àwọn oníjìbìtì da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á, àwọn ènìyàn sì ń jókòó sílé wò ó dípò kí wọ́n san owó ìwọlé. Bàbá Sàlá, ẹni tí ó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín, jẹ gbèsè, ara rẹ̀ kò sì tètè kọ́fẹ padà. Ẹ̀rọ kan náà tí ó lè tọ́jú iṣẹ́ eléré ni ó ba ti tirẹ̀ jẹ́.

Nígbà Tí Kásẹ́ẹ̀tì Di Orí Ìtàgé

Láti ọdún 1976 tí Àjàní Ògún jáde, orí fíìmù gidi ni àwọn eléré Yorùbá bíi Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Love, àti Hubert Ògúndé ti ń ṣe sinimá. Òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù náà lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Nígbà tí ètò ìṣàtúntò ọrọ̀ ajé dé ní ọdún 1986 tí iye náírà sì wálẹ̀, owó dọ́là tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀ kọjá agbára wọn. Kámẹ́rà fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì VHS ni ó kù. Ní ọdún 1988 ni Ṣoṣo Méjì tí Adé Àjíbóyè ṣe jáde lórí fídíò, àwọn onímọ̀ sì kà á mọ́ àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Kenneth Nnebue tí ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Èkó kọ́kọ́ fi owó sínú fídíò Yorùbá kí ó tó ṣe Living in Bondage ní èdè Ìgbò ní ọdún 1992, èyí tí gbogbo ayé wá ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé fídíò Yorùbá ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kí ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe? VHS ti wà nínú ilé. Onílé kò ní láti ra ohun tuntun kankan kí ó tó lè wo eré. Yíyàn tí àwọn ará Japan àti Amẹ́ríkà ṣe láàrin ọdún 1976 sí 1988 ni ó pinnu irú ìtàgé tí eré Yorùbá yóò gùn. Ó sì pinnu bí eré náà ṣe rí. Òǹkọ̀wé eré ń gbìyànjú kí ìtàn kún kásẹ́ẹ̀tì kan, ìtàn tí ó bá gùn yóò pín sí Apá Kìíní àti Apá Kejì, òpin Apá Kìíní yóò sì dá ọkàn òǹwòran dúró lókè kí ó lè padà wá ra èkejì. Ẹni tí ó bá ń ṣe àtúpalẹ̀ ìhun ìtàn nínú fídíò Yorùbá láì mẹ́nu ba kásẹ́ẹ̀tì tí ó gbé e ti fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Síìdì, Díkódà àti Íntánẹ́ẹ̀tì: Wò Ó, Má Gbà Á

Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni VCD bẹ̀rẹ̀ sí í lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò ní ìgboro wa. Ó fúyẹ́, kò ní téèpù tí yóò wé mọ́ra, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì wọ́n. Díẹ̀ ju wákàtí kan lọ ni VCD kan lè gbà, nítorí náà eré kan sábà máa ń gba síìdì méjì. Gbogbo ènìyàn yọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí a kò kíyè sí ni pé ẹ̀rọ VCD kò ní ibi tí a ti ń tẹ bọ́tìnnì láti gba ètò sílẹ̀. Ẹ̀rọ VHS ní etí, ó sì ní ẹnu; ẹ̀rọ VCD ní ẹnu nìkan. Lọ́jọ́ tí a gbé VHS sọ sí àjà, a yọwọ́ nínú ìtọ́jú ètò amóhùnmáwòrán láì mọ̀.

Díkódà tí ó lè gba ètò sílẹ̀ dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n inú díkódà náà ni ètò ń gbé. A kò lè fà á lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, bí díkódà bá sì bàjẹ́, ó tán. Eré ti wá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ní ọdún 2022, Netflix gbé Aníkúlápó jáde, iṣẹ́ Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love. Baba ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú. Iṣẹ́ ọmọ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé lọ́jọ́ kan. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni èyí. Síbẹ̀, kò sí ohun kan tí a lè dì mú pé tiwa ni. Bí onílé iṣẹ́ bá yọ eré kúrò, kò sí kásẹ́ẹ̀tì lórí pẹpẹ ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Obìnrin kan ní Philadelphia, Marion Stokes, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìkówèésí rí, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn amóhùnmáwòrán sílẹ̀ tọ̀sán-tòru láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí ó fi kú ní ọdún 2012. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 70,000. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ kò pé. Lónìí, Internet Archive ni ó gba àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà tọ́jú, nítorí pé ètò wà nínú wọn tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn kò ní mọ́.

Ohun Tí Ó Kàn Olùkọ́

Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òkúta. Ìyẹ̀fun irin tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ni téèpù. Ooru àti ọ̀rinrin a máa tú àtè náà, èbu a máa bo téèpù, ilẹ̀ tiwa sì ní ooru àti ọ̀rinrin. Ní ọdún 2019, ètò kan lábẹ́ UNESCO pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán ní àgbáyé ké gbàjarè pé ẹ̀rọ tí ó lè ka téèpù ń tán lọ, àti pé ohun tí a kò bá tètè dà kọ yóò parun. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS tuntun mọ́. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́rin wọ̀nyí.

Èkíní, kí ẹ̀ka èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ wa wá ẹ̀rọ VHS kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fọ orí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ohun iyebíye.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ béèrè nílé wọn. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó ní 'Ìsìnkú Màmá' lára lè ní eré amóhùnmáwòrán kan ní ìdí rẹ̀, nítorí pé onílé kì í fi kásẹ́ẹ̀tì ṣòfò. Ayẹyẹ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ oríkì, orin àti ìlù tí a kò lè rí níbòmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ eré, òṣèré, ìkànnì, àti ọdún tí a bá mọ̀ dájú sílẹ̀ kí a tó dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ibi méjì ó kéré tán. Ẹ̀dà kan ṣoṣo dà bí ẹyin lórí àpáta.

Ẹ̀kẹrin, kí a bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ni iṣẹ́. Ìlò fún ìwádìí ní ààlà. Títà àti pípín kiri kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ wa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé VHS borí Betamax nítorí wákàtí, owó àti aládùúgbò, àti pé yíyàn tí ó wáyé ní ilẹ̀ òkèèrè yìí ni ó gbé eré Yorùbá wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. A rí i pé kásẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ idà olójú méjì: ó ba ọjà Ọ̀run Móoru jẹ́, ó sì tún fún àwọn eléré tí kò ní owó fíìmù ní ìtàgé tuntun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a rí i pé ìgbà kúkúrú ni agbára ìgbàsílẹ̀ fi wà lọ́wọ́ onílé, láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí di ìgbà tí VCD gba ìgboro. Ohun tí àwọn ará ilé gbà sílẹ̀ ní ìgbà kúkúrú yẹn wà nínú àpótí àti lábẹ́ ibùsùn káàkiri ilẹ̀ wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa olùkọ́ ni àgbà ọjà yìí. Bí a kò bá tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí nísinsìnyí tí ẹ̀rọ tí ó lè kà wọ́n ṣì wà, àrọ́bá nìkan ni a ó fi lé àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lọ́wọ́.